Ẹ jẹ́ kí ará àdúgbò fi iṣẹ́ ọnà tún ọgbà ìgbafẹ́ wọn dá: ìtọ́sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ní ọgbà ìgbafẹ́ tí ìjọba kọ́, tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí wọ́n gbin òdòdó sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà sí tirẹ̀. Bẹ́ǹṣì ti kán, géètì ti wọ́, àwọn kan ti sọ igun kan di ààtàn. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ tún un ṣe, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò pe ayàwòrán, yóò ní kó ya àwòrán aláràbarà sára ògiri, wọn yóò ya fọ́tò, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, pósítà olóṣèlú ti bo àwòrán náà. Kò sẹ́ni tó bínú, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó yà á. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Àwọn tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, àti ayàwòrán tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun pẹ́ lára ògiri. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ìwúlò àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ọnà ní nínú ọgbà ni láti fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀ṣọ́ kàn. Ẹ mọ àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé àdúgbò: alága, akọ̀wé, àti bàbá méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kì í bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbé amọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ fún ìyá alákàrà ní ṣọ́ọ̀kì, ẹ ó rí ohun tí wọn kò ní dìde sọ láéláé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òkèèrè ni. Nígbà tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, àwọn tó ń wá ilẹ̀ sì ti ń fojú sí i. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tó bá a ṣiṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n pò fún ilé kíkọ́ ló fi mọ ère àti ògiri aláwòrán. Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965. Ní 2005, UNESCO fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé, bó ṣe tó hẹ́kítà 75. Igbó òrìṣà ni o, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ náà ti wà nínú ìlú tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń lò ó

Ní Èkó, LASPARK, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2011, ló ń bójú tó ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀. Níbòmíràn, ó lè jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹbí tó yọ̀ǹda ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí padà. Ìlérí ẹnu láti ọ̀dọ̀ káńsílọ̀ kò tó, torí pé ìbò lè gbé ẹlòmíràn dé ipò náà. Bí wáyà iná ńlá bá gba orí ọgbà kọjá, ẹ béèrè bí ẹ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó kí ẹ tó ronú kan òpó tàbí àkàbà.

Láti mọ àwọn tó ń lò ó, àfi kí ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ pín ara yín sí ìdájí, nígbà tí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá bá dé, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru. Ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́ kan, ọjọ́ Jímọ̀ kan, Sátidé kan àti ọjọ́ Àìkú kan. Kí ẹni tó jókòó ní ìwé àti báírò lọ́wọ́: mélòó ni ọkùnrin, mélòó ni obìnrin, mélòó ni ọmọdé, ibo ni wọ́n jókòó sí, kí ni wọ́n ń ṣe, ta ló yára kọjá tí kò dúró. Ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ koríko pa ni ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fẹ́, ì báà má jẹ́ ibi tí ìjọba la ọ̀nà sí.

Àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lóru àti àwọn ọmọkùnrin tó ń mu igbó lẹ́yìn ògiri wà lára àwọn tó ń lò ó. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kàn lé wọn, wọn ó padà wá, iṣẹ́ yín ni wọn yóò sì kọ́kọ́ bá jà. Ẹ pa ìwé ìjókòó yìí mọ́ dáadáa, ẹ ó tún nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré

Ènìyàn 7 sí 11 ti tó. Kí ẹnì kan wá láti inú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọgbà, kí ọ̀dọ́ méjì wà níbẹ̀, àgbàlagbà tó mọ ìtàn àdúgbò, olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ bíi wẹ́dà tàbí káfíńtà, àti ẹnì kan tó ní ìpèníjà ara, torí òun ló mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ kò ti lè gba géètì yín. Kí àwọn obìnrin má dín sí ìdajì. Bí Ẹ̀gùn, Haúsá tàbí Ígbò bá ń gbé àdúgbò náà, kí ohùn wọn wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ má ṣe fi olóṣèlú ṣe alága.

Kí ẹ tó lẹ pósítà kankan, ẹ lọ kí Baálẹ̀, ẹ lọ kí Ìyálọ́jà, ẹ lọ kí ìmáàmù àti pásítọ̀. Ẹ kàn lọ sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì béèrè ẹni tó yẹ kí ẹ tún rí. Ìrìn yìí lè dà bíi pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn pé kò fi ṣòfò. Àgbà tí wọn kò sọ fún lè fi gbólóhùn kan dá iṣẹ́ oṣù mẹ́ta dúró, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ẹgbẹ́ WhatsApp dára fún ìránnilétí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ojúlé ìpinnu. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ láti aago márùn-ún ìdájí kò ní ráyè ka ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún lórí fóònù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi iṣẹ́ ọnà béèrè

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ lo àkókò jù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín níré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kò pọ̀ jù.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú: ẹ má ṣe bi wọ́n pé “Kí lẹ fẹ́ nínú ọgbà yìí?” Ohun tí gbogbo ènìyàn yóò sọ ni omi ẹ̀rọ, iná àti síkiọ́rítì. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba náà ni. Ẹ béèrè báyìí: “Ibo lẹ máa ń jókòó sí níbí, kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?” “Ibo ni ẹ kì í fẹ́ kí ọmọ yín dé?” “Eré wo lẹ máa ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré tí kò sí àyè fún mọ́?” Nínú ìbéèrè kẹta yìí ni àyò ọlọ́pọ́n, tẹ́ń-tẹ̀n àti àlọ́ alẹ́ ti máa ń jáde, gbogbo wọn ló sì ń béèrè àyè tirẹ̀: ibòji, ilẹ̀ títẹ́jú, àwọn ìjókòó tó kojú síra.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ lè ṣe ni àwòṣe amọ̀. Ẹ ra pákó plywood kan, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Bí ọgbà yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 sí 200, ẹ jẹ́ kí ínṣì kan lórí pákó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Gbogbo ọgbà yóò gba ínṣì 40 sí 80, pákó náà yóò gbà á, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀ létí. Ènìyàn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yóò jẹ́ ínṣì méjì, ọmọdé lè fi amọ̀ mọ ọn. Ẹ kan ohun tí kò ní kúrò mọ́ pákó: igi ńlá, géètì, gọ́tà, ògiri. Gbogbo ohun yòókù, amọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni lè gbé e láti ibì kan síbòmíràn. Ẹ ó rí i bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń ti bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi, bí àwọn ọmọdé sì ṣe ń gba gbogbo àárín fún bọ́ọ̀lù. Níbi tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí pákó, inú yín ni kó dùn. Ìjà amọ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ohun tí wọ́n mọ síbẹ̀ lọ sínú ọgbà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tàbí eérú. Ẹ fa ilà pèpéle sílẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó gan-an. Ẹ fa ti bẹ́ǹṣì, ti ibi ọmọdé, ti ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sán kan: kí wọ́n jókòó sínú ilà, kí wọ́n rìn láàárín rẹ̀. Pèpéle tó dára lórí pákó lè kojú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, tí kò ní sí ẹni tó lè wò ó. Ilà ṣọ́ọ̀kì yóò sọ fún yín ṣáájú sìmẹ́ǹtì.

Fún àwọn tí amọ̀ kò bá lára mu, àdìrẹ wà. Ẹ pín aṣọ funfun kan náà fún agboolé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àwòrán sọ ohun kan nípa àdúgbò. Àwọn ìyá wa ti ń fi aṣọ sọ ìtàn ìlú tipẹ́: nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà nínú rẹ̀. Ilé tí ìjọba amúnisìn kọ́ ni, àwọn aládìrẹ sì gbà á, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn lórí aṣọ. Kò sí ìwé ìbéèrè tó lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tí aṣọ bá ti gbẹ, ẹ rán gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi kọ́ sí ọgbà. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí yóò lọ sórí ògiri ni ẹ ó rí níbẹ̀.

Ẹ gba ìtàn ilẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù látẹnu àwọn àgbà. Ẹ ronú kan Freedom Park ní Erékùṣù Èkó (Lagos Island). Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́. Nígbà tí ayàwòrán ilé Theo Lawson sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n ṣí ní 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, wọn kò pa ìtàn ẹ̀wọ̀n náà rẹ́. Ìtàn náà ni ibẹ̀ fi yàtọ̀ sí ọgbà mìíràn. Tiyín lè má jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà àlùbọ́sà, tàbí ibi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn kí wọ́n tó fi gọ́tà bò ó.

Ẹ má dúró kí wọ́n wá bá yín. Láàárín àwọn ọdún 1990, ní àdúgbò St. Pauli ní ìlú Hamburg, Jámánì, ìjọba fẹ́ kọ́lé sí àyè tó ṣẹ́kù létí odò Elbe. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í pète ọgbà fúnra wọn kí wọ́n tó gba àṣẹ rárá. Wọ́n gbé àpótí kọ̀ntéńà kan kalẹ̀ tí wọ́n kó amọ̀ àti ohun ìyàwòrán sí, wọ́n gbé báàgì irinṣẹ́ káàkiri ilé, wọ́n sì ní nọ́ńbà tẹlifóònù fún ẹni tí èrò bá sọ sí lọ́kàn lóru. Ọgbà náà, Park Fiction, ṣí ní 2005, igi ọ̀pẹ onírin àti koríko tó rí bí ẹní tó ń fò sì wà nínú rẹ̀ títí di òní, nítorí pé wọ́n jáde láti inú ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ kó amọ̀, bébà àti gọ́ọ̀mù sínú báàgì kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé onídìrí, sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, sí iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn Jímọ̀, sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, sí ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ní ibì kan sàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń wò yín.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má fi èdè ìjọba tún un sọ. Kí ẹ tó ya fọ́tò ọmọdé, ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàn

Kí ẹ tó dé ibí, ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba ohun tó wà lọ́wọ́ ará àdúgbò láti pinnu àti ohun tí kò sí. Bí LASPARK bá ti ní igi kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ sọ ọ́. Bí owó kò bá lè kọ́ ilé ìtura, ẹ sọ ọ́. Ohun tó ń pa irú iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n bi ènìyàn léèrè lórí ohun tí wọ́n ti pinnu tán.

Ẹ so gbogbo àwòrán, aṣọ àti fọ́tò àwòṣe mọ́ okùn nínú ọgbà. Kí agbada kékeré kan wà níwájú èrò kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá wá, ẹ fún un ní ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta: àwọ̀ kan fún àgbà, àwọ̀ mìíràn fún ọmọdé. Ó lè ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agbada kan, ó sì lè pín wọn. Ẹ kà á ní gbangba kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọ̀ méjì náà ṣe pàtàkì, torí pé bí àgbà bá pọ̀ ju ọmọdé lọ lọ́jọ́ náà, ẹ ó ṣì mọ ohun tí ọmọdé yàn.

Lẹ́yìn ìdìbò, ìgbìmọ̀ yóò jókòó pẹ̀lú ayàwòrán àti bíríkìlà láti wo èyí tó ṣeé ṣe. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Ẹni tó mọ ìdí tí èrò òun fi bọ́ yóò ṣì wá ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọn kò dá lóhùn kò ní wá mọ́.

Ó lè ya ẹ̀yin kan lẹ́nu bí ohun tí àwọn ènìyàn yàn ṣe máa ń rí. Ní Superkilen, ọgbà tí wọ́n ṣí ní 2012 ní àdúgbò Nørrebro ní Copenhagen, ìjókòó, àmì àti ohun eré láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ló wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n bi àwọn ará àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ibòmíràn wá, léèrè ohun tí wọ́n rántí nílé. Àwọn kan tilẹ̀ bá àwọn ayàwòrán rìnrìn àjò lọ mú tiwọn wá.

Ìgbésẹ̀ 5: Owó àti ìwé àdéhùn

Ẹ san owó fún oníṣẹ́. Ará àdúgbò lè fi Sátidé wọn ṣe ìrànwọ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀, wẹ́dà tó jo iná tirẹ̀, ayàwòrán tó darí gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Kí akápò má dá nìkan fọwọ́ sí owó. Orúkọ méjì ni kó wà ní báńkì. Ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ pátákó inú ọgbà ní oṣooṣù.

Fún ọ̀dà, ẹ ṣírò báyìí. Lítà kan ọ̀dà olómi máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin (square metre) 8 sí 10 lórí ògiri dídán, fún ìgbà kan. Ògiri tó gùn ní mítà 20, tó ga ní mítà 2, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó kùn ún, ó di 80. Lítà 10 yóò tó fún àwọ̀ ìsàlẹ̀, ìyẹn ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20. Bí ojú ògiri bá ṣe pálapàla, ẹ fi kún un. Ẹ wá ra àwọn àwọ̀ yòókù ní agolo kékeré. Ẹ béèrè ọ̀dà tí kò ní òjé nínú, pàápàá fún ibi tí ọwọ́ àti ẹnu ọmọdé lè dé.

Nínú gbogbo náírà márùn-ún tí ẹ bá rí, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ fún àtúnṣe. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà iṣẹ́, bó ti wù kí owó há tó.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ dá owó, ẹ pinnu ṣáájú ibi tí orúkọ rẹ̀ yóò wà àti bó ṣe máa tóbi tó. Ní Èkó, LASAA ló ń bójú tó ìpolówó ìta, àwòrán tí àmì ilé iṣẹ́ bá gba iwájú rẹ̀ lè di ìpolówó tí wọn yóò béèrè owó lé lórí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé ojú olóṣèlú kankan kò ní sí lórí ògiri. Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé owó wá, torí lẹ́yìn tí owó bá ti dé, ẹnu yóò wúwo.

Pẹ̀lú ayàwòrán, kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó lè ta fọ́tò iṣẹ́ náà, ẹni tó lè tún un kùn, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ògiri bá wó.

Ìgbésẹ̀ 6: Iṣẹ́ gan-an

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ọ̀dà máa ń gbẹ dáadáa nílẹ̀ wa. Bí ẹ bá rẹ́ ògiri tuntun, ẹ fún sìmẹ́ǹtì ní ọjọ́ 28 kí ẹ tó kùn ún. Ògiri tó ní ìdọ̀tí àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ fi omi àti bílíìṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ògiri tí omi ń fà gòkè láti ilẹ̀, ẹ má fi ọ̀dà ọlọ́ìlì bò ó, yóò wú, yóò sì bó.

Láti gbé àwòrán kékeré lọ sórí ògiri, ẹ fa ilà onígun mẹ́rin sórí bébà, ẹ fa èyí tó tóbi ju ú lọ sórí ògiri. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 lórí ògiri mítà 20 yẹn, ìlà 40 ni yóò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agboolé kọ̀ọ̀kan lè gba ìlà kan, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i lórí bébà. Ọmọdé yóò kun ìsàlẹ̀, àgbà yóò kun òkè. Kí ọmọdé kankan má gun àkàbà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àwòrán táìlì, ẹni tó ń ta táìlì máa ń ní èyí tó fọ́, ó sì lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wé e sínú àpò kí ẹ tó fi òòlù fọ́ ọ, kí ẹni tó ń fọ́ ọ wọ awò ààbò àti ìbọ̀wọ́. Sìmẹ́ǹtì ọ̀kan sí yanrìn mẹ́ta ni ẹ ó fi lẹ̀ ẹ́. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jó ara, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ lásán pò ó. Bí ẹ bá ń mọ ère tàbí ìjókòó lórí irin, kí sìmẹ́ǹtì tó bo irin má dín sí ínṣì kan. Irin tó bá rí omi yóò dípẹtà, yóò wú, yóò sì la ère náà. Taya àtijọ́ tí ẹ bá fi ṣe ìjókòó, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má bàa dúró fún ẹ̀fọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin. Ojú tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yà tó wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ayàwòrán padà wá lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ kó tún un yà. Ọmọ náà yóò mọ̀. Ìyá rẹ̀ yóò mọ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán ni láti ṣètò àwòrán náà ṣáájú débi tí ojú wíwọ́ kò fi ní bà á jẹ́: ìlà ìta tó dúdú tó sì nípọn, àwọ̀ tí kò pọ̀ jù, àyè ńlá fún ọwọ́ kékeré. Ìmọ̀ nìyẹn, ó sì ṣòro ju kí ó dá gbogbo ẹ̀ yà lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ ṣíṣí

Ẹ jẹ́ kó kéré. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ sára ògiri, àti ọmọdé, láìsí oyè. Ẹ ṣe oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ ìtàn ohun tí wọ́n yà, ẹ pa ilẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìtọ́jú

Òjò àti oòrùn kò bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Àwọn ère Òṣogbo pàápàá ti gba àtúnṣe. Èyí tó dára jù tí mo mọ̀ nípa ìtọ́jú wà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin olórìṣà ti máa ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè lákọ̀tun lọ́dọọdún nítorí ọdún òrìṣà náà. Kíkùn náà wà lára ọdún fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọdún tí àdúgbò yóò máa tún ọgbà kùn, bóyá Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá nígbà tí àwọn tó wà lájò ti dé. Ẹ fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún fún àwòrán tuntun, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò.

Ọ̀dà tó ṣẹ́kù, ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ sára agolo, ẹ tì í mọ́ ibi tí kò gbóná, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Bí wọ́n bá lẹ pósítà lónìí, ẹ ṣí i kúrò lọ́la. Èyí tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan yóò pe mìíràn wá.

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ tún lọ jókòó bẹ́ ẹ ṣe jókòó ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: àwọn wákàtí kan náà, àwọn ọjọ́ kan náà, ìwé kan náà. Ẹ fi èyí wé tàtijọ́. Ṣé obìnrin ti pọ̀ sí i? Ṣé àwọn arúgbó ń dúró pẹ́? Níbo ni àwọn ènìyàn ṣì ti ń yára kọjá? Bí obìnrin kò bá tíì máa gba ibẹ̀ lẹ́yìn aago méje alẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́, iná ni ibẹ̀ nílò. Ẹ kó ìwé méjèèjì, ẹ gbé e lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀.